Ọkùnrin tó rí wúrà Kalifọ́níà, kí ló dé tó fi kú nínú òṣì?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé káfíńtà kan ló rí wúrà tó mú kí gbogbo ayé ya lọ sí Kalifọ́níà láyé àtijọ́, àmọ́ inú òṣì ló kú sí. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà sọ pé èpè ló wà lára wúrà ọ̀hún. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé òun gan-an ló kọ́kọ́ rí i? Ibo sì ni wúrà àkọ́kọ́ yẹn wà báyìí?"

Àbúrò, o kú ìbéèrè. Inú mi dùn pé ọmọ iṣẹ́ wúrà ló bèèrè é, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ọwọ́ rẹ ti mọ̀ ọ́n kí n tó la ẹnu.

Òótọ́ ni pé James Marshall, káfíńtà tí ò ń wí, kú láìní nǹkan kan gúnmọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bá mi kí ọ̀gá rẹ, kí o sì bá mi sọ fún un pé kì í ṣe èpè. Ohun tó mú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn rọ́ lọ síbẹ̀ náà ló sọ Marshall di tálákà: ilẹ̀ tí wúrà wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ìjọba gbà pé òun ló ni ín. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lè gbé ṣọ́bìrì ló lè wà á. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè wà á, kí ló kù fún ẹni tó kọ́kọ́ rí i? Jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀, kó lè yé ọ.

Ọ̀gá Marshall ni John Sutter, ará Switzerland kan tó sá fún gbèsè, tó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ nílé. Ó dé Kalifọ́níà lọ́dún 1839, nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Mẹ́síkò. Gómìnà ará Mẹ́síkò fún un ní ilẹ̀ tó tó éékà 48,000, níbi tí ìlú Sacramento wà lónìí. Sutter mọ odi síbẹ̀, ó gbin àlìkámà, ó sin màlúù àti ẹṣin lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, àwọn Nisenan àti Miwok, ló ń fi ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò wá fúnra wọn. Àwọn àlejò tó dé odi rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú ọpọ́n igi gbọọrọ, bíi ti ẹran ọ̀sìn, ni wọ́n ń da oúnjẹ sí fún wọn. Má gbàgbé àwọn ènìyàn wọ̀nyí, nítorí a ṣì máa padà sọ́dọ̀ wọn.

Sutter nílò pákó fún ilé tó fẹ́ kọ́. Ó bá Marshall ṣe àdéhùn lọ́dún 1847 pé kó lọ kọ́ sọ́míìlì sí etí odò American, níbì kan tí àwọn Nisenan ń pè ní Coloma, tó jìnnà sí odi tó bíi kìlómítà 70. Sutter á mú owó wá, Marshall á mú ọgbọ́n ọwọ́ wá. Káfíńtà gidi ni Marshall, ọmọ New Jersey tí wọ́n bí lọ́dún 1810. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni àwọn Nisenan, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ìjọ Mormon tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Omi ló ń yí kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń fa ayùn sọ́míìlì. Omi tó bá ti yí kẹ̀kẹ́ tán gbọ́dọ̀ rí ojú kòtò kan gbà padà sínú odò. Nígbà tí wọ́n dán an wò, kòtò ọ̀hún kò jìn tó, omi ń kún padà, kẹ̀kẹ́ kò sì yí dáadáa. Marshall bá dá ọgbọ́n kan: lójúmọmọ, àwọn òṣìṣẹ́ á gbẹ́ kòtò náà kó jìn sí i, tó bá di alẹ́, wọ́n á ṣí omi sínú rẹ̀ kó lè gbá erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ lọ. Láàárọ̀, á ti omi pa, á rìn wọ inú kòtò lọ wo ibi tí iṣẹ́ dé.

Ìwọ tó o wà nídìí wúrà, ṣó o ti rí ohun tó ń ṣe láìmọ̀? Ó ń fọ wúrà ni! Wúrà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19. Òkúta lásán kì í sábà tó ìlọ́po 3. Láti ọdún gbọ́nhan ni odò yẹn ti ń ha wúrà wẹ́wẹ́ kúrò lára àpáta funfun tó wà lókè Sierra Nevada, tó ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, tó sì ń jù ú sílẹ̀ níbikíbi tí agbára omi bá ti dẹ̀. Omi òru tí Marshall ṣí sínú kòtò gbá ohun tó fúyẹ́ lọ, ó fi ohun tó wúwo sílẹ̀ lórí àpáta ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kòtò yẹn jìn tó látìbẹ̀rẹ̀ ni, ta ló mọ ọjọ́ tí wọn ì bá tó rí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1848, Marshall wọ inú kòtò náà. Omi tó ṣẹ́kù kò ju ìka mélòó kan lọ, nǹkan kan sì ń dán nísàlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Kò tó hóró ẹ̀wà kan. Ó gbé e sórí òkúta, ó fi òkúta mìíràn lù ú. Ó fẹjú, kò fọ́. O mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Òkúta kan wà tó máa ń jọ wúrà lójú ẹni tí kò mọ̀, tó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, àmọ́ bó o bá lu ìyẹn, á fọ́ yángá ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ìjọ Mormon yẹn, Henry Bigler, máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sínú ìwé. Ó kọ ọ́ lọ́jọ́ náà pé ọ̀gá sọ́míìlì rí irin kan tó jọ wúrà nínú kòtò. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí ọjọ́ náà dá wa lójú, nítorí nígbà tí Marshall fúnra rẹ̀ dàgbà, ọjọ́ tó ń dá kì í ṣe ọ̀kan náà.

Obìnrin kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn òpìtàn kì í fẹ́ẹ́ dárúkọ rẹ̀, Jennie Wimmer, tó ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́. Obìnrin yìí ti gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní Georgia rí, ojú rẹ̀ mọ wúrà. Ó ń se ọṣẹ lọ́wọ́ nígbà náà, irú ọṣẹ tí wọ́n ń fi omi eérú àti ọ̀rá ṣe, tí kò jìnnà sí bí àwọn ìyá wa ṣe ń se ọṣẹ dúdú. Ó ju èyí tí wọ́n rí sínú ìkòkò omi eérú náà, ó fi í síbẹ̀. Nígbà tó da ọṣẹ jáde, ó bá a nísàlẹ̀ ìkòkò, ó ń dán bó ṣe ń dán tẹ́lẹ̀. Èmi gbà pé ẹ̀rí tirẹ̀ yìí tó ẹ̀rí òkúta Marshall, ó sì yẹ kí orúkọ rẹ̀ máa jáde nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Marshall gun ẹṣin nínú òjò lọ bá Sutter ní odi. Ó rin gbingbin. Ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó tú aṣọ kékeré kan kúrò nínú àpò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ iṣẹ́ Sutter kan ṣí ilẹ̀kùn wọlé. Kíá, Marshall ti aṣọ náà bọ àpò padà, ó fi ìbínú bèèrè pé ṣé òun kò sọ pé kí wọ́n tì í ni. Nígbà tí wọ́n wá tì í tán, wọ́n da ásíìdì sí i lára, kò mì. Wọ́n fi fàdákà sí apá kan òṣùwọ̀n, wọ́n fi wúrà sí apá kejì títí tó fi dọ́gba, wọ́n sì ri òṣùwọ̀n náà sínú omi. Apá wúrà lọ sísàlẹ̀. Fàdákà tó wúwo tó wúrà gbọ́dọ̀ tóbi jù ú lọ, omi á sì gbé ohun tó tóbi ju èyí tó kéré lọ. Ìyẹn parí iyèméjì.

Wàá rò pé inú Sutter á dùn. Ẹ̀rù ló bà á. Ó mọ̀ pé bí àwọn òṣìṣẹ́ òun bá gbọ́, wọ́n á sá lọ wa wúrà, oko á sì kú. Ó bẹ àwọn tó wà ní Coloma pé kí wọ́n pa á mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àmọ́ ohun tó ká a lára jù ni pé ilẹ̀ tí Mẹ́síkò fún un kò dé Coloma. Ilẹ̀ àwọn Nisenan nibẹ̀ jẹ́. Ó yára lọ bá wọn ṣe ìwé pé kí wọ́n yá òun nílẹ̀ ọ̀hún fún ọdún mẹ́ta, ó sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Ọ̀gágun Mason tó ń ṣàkóso Kalifọ́níà fún Amẹ́ríkà ní Monterey, nítorí ogun ti gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Mẹ́síkò. Mason kọ̀. Ó ní Amẹ́ríkà kò gbà pé àwọn ọmọ onílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti yá ẹnikẹ́ni nílẹ̀.

Tún ka gbólóhùn yẹn. Àwọn tí ilẹ̀ jẹ́ tiwọn kò lè yá ènìyàn, Sutter kò lè yá a, Marshall kò lè gbà á. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kò tíì rí ìwé rẹ̀ gbà: ọjọ́ 2 oṣù kejì, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn tí Marshall rí wúrà, ni Mẹ́síkò tó fọwọ́ síwèé pé òun yọ̀ǹda Kalifọ́níà àti ilẹ̀ ńlá mìíràn, tí Amẹ́ríkà á fi san mílíọ̀nù 15 dọ́là. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó fọwọ́ sí i tó mọ̀ pé wúrà ti jáde. Wúrà wà, kò sí ẹni tó ni ilẹ̀, kò sí òfin ìwakùsà, kò sí ọlọ́pàá tó máa lé ènìyàn.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ dáhùn ìbéèrè rẹ kejì níbí. Rárá, Marshall kọ́ ló kọ́kọ́ rí wúrà ní Kalifọ́níà. Lọ́jọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1842, Francisco López, tó ń da ẹran nítòsí Los Angeles, wu àlùbọ́sà ìgbẹ́ nílẹ̀ láti jẹ, ó rí wúrà lára gbòǹgbò rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ gbé díẹ̀ nínú wúrà yẹn lọ sí ilé tí wọ́n ti ń rọ owó ní Philadelphia. Àwọn ènìyàn kan wá láti Sonora ní Mẹ́síkò, wọ́n wà á fún ìgbà díẹ̀, ó tán, ayé kò mì. Ní ti àwọn Nisenan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n ti fi ń rìn létí odò yẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n gé lára ìkarawun inú omi ni owó tiwọn, bí ẹyọ ṣe jẹ́ owó lọ́dọ̀ àwọn baba wa. Wúrà kò já mọ́ nǹkan kan fún wọn, bí owó ẹyọ kò ṣe já mọ́ nǹkan kan fún Marshall.

Rírí nǹkan yàtọ̀ sí kí ariwo rẹ̀ ta. Sutter tó bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dákẹ́, òun fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní oṣù kejì, ó ń fi wúrà náà yangàn. Bigler sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó lọ jíṣẹ́ ìwé fún Mason kò lè pa á mọ́nú lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, ìwé ìròyìn kan ní San Francisco gbé e jáde ní oṣù kẹta, àwọn ènìyàn kò ka á sí. Ẹni tó wá ta ariwo ọ̀hún ni Sam Brannan. Oníṣòwò ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní odi Sutter, ó sì tún ni ìwé ìròyìn. Ó kọ́kọ́ fara balẹ̀ ra ṣọ́bìrì, díígà àti páànù tó wà ní agbègbè náà. Nígbà tó kó wọn jọ tán, ní oṣù karùn-ún ọdún 1848, ó mú ìgò kékeré kan tó kún fún wúrà lúbúlúbú, ó ń rìn kiri ojú pópó San Francisco, ó ń kígbe: "Wúrà! Wúrà! Wúrà láti odò American!" Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìlú ṣófo. Ìwé ìròyìn méjèèjì tó wà níbẹ̀, títí kan ti Brannan, kógbá wọlé, kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa kà á. Páànù tó rà ní sẹ́ńtì 20, wọ́n ní ó tà á ní dọ́là 15.

Ariwo Brannan nìkan kò tó. Èyí tó gbé e dé gbogbo ayé ni ẹnu Ààrẹ. Mason fúnra rẹ̀ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń wà á, ó kọ ìròyìn, ó sì fi wúrà tó lé ní 200 áúńsì sínú agolo tíì, ó fi ránṣẹ́ sí Washington. Lọ́jọ́ 5 oṣù kejìlá, Ààrẹ Polk sọ fún ilé aṣòfin pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ ìjọba. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1849, ni àwọn ènìyàn ya wá láti Ṣáínà, Ṣílè, Perú, Faransé, Ọsirélíà, Hawaii, àti gbogbo Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di 1855, àwọn tó wá tó 300,000. San Francisco tí kò ní ju bí 1,000 ènìyàn ní 1848 ní nǹkan bí 25,000 ní 1850. Àwọn atukọ̀ sá fi ọkọ̀ ojú omi wọn sílẹ̀ ní èbúté láti lọ wa wúrà. Wọ́n sọ ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Niantic di ilé ìkẹ́rùsí, lẹ́yìn náà ó di hòtẹ́ẹ̀lì, lórí ilẹ̀ níbẹ̀.

Òfin tí àwọn awakùsà ṣe fúnra wọn ni pé ẹni tó bá ń wa ojú ilẹ̀ kan lọ́wọ́ ló ni ín. Bó bá fi í sílẹ̀, ẹlòmíràn á bọ́ sí i. Ìwọ wo Marshall lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pàgọ́ sórí ilẹ̀ tó rò pé tòun ni. Àwọn kan gbà gbọ́ pé ojú rẹ̀ lágbára láti rí wúrà nínú ilẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé e kiri, wọ́n sì ń halẹ̀ mọ́ ọn bó bá ní òun kò mọ ibì kan. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun kan pa lára àwọn Nisenan tó ń bá a ṣiṣẹ́, ó dúró tì wọ́n, ó sì ní láti sá kúrò nílùú nítorí ẹ̀. Ó gbin èso àjàrà, ó ṣe dáadáa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà oko àjàrà náà forí ṣánpọ́n. Lọ́dún 1872 ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní dọ́là 200 lóṣù, wọ́n dín in sí 100, ó dáwọ́ dúró pátápátá ní 1878. Ó kú sí Kelsey, nítòsí Coloma, lọ́jọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1885. Lọ́dún 1890 wọ́n gbé ère rẹ̀ sórí òkè tí wọ́n sin ín sí, ère náà ń nawọ́ sí ibi tó ti rí wúrà. Owó ère wà. Owó oúnjẹ rẹ̀ ni kò sí. Ó dùn mí púpọ̀.

Ti Sutter kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sá lọ, àlìkámà rẹ̀ jẹrà sóko, àwọn àlejò pa màlúù rẹ̀ jẹ, wọ́n sì tẹ̀dó sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ìwé apá kan nínú ilẹ̀ náà lọ́dún 1858. Ó fi ọdún púpọ̀ bẹ ilé aṣòfin pé kí wọ́n san ohun tí òun pàdánù, ó sì kú sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Washington ní oṣù kẹfà ọdún 1880, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí wọ́n parí ìjókòó wọn láìdá a lóhùn. Brannan ńkọ́, tó fi páànù di olówó? Owó náà tú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó kú láìní kọ́bọ̀ gidi ní 1889.

Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ lè sọ pé, àbí o ò rí i, èpè náà nìyẹn. Àmọ́ ìwọ wo Alvin Coffey. Ẹrú ni, aláwọ̀ dúdú, tí olówó rẹ̀ mú wá wa wúrà lọ́dún 1849. Ó wa owó púpọ̀ fún olówó rẹ̀, ó sì ń fi alẹ́ wa tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti fi ra ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé Missouri, olówó rẹ̀ gba gbogbo rẹ̀, ó sì tún tà á. Coffey kò jáwọ́. Ó bẹ olówó tuntun, ó padà sí Kalifọ́níà lọ́dún 1854, ó sì fi owó tó kó jọ ra ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ pátá. Ó dàgbà, ó dárúgbó, ó kú lómìnira. Wúrà odò kan náà ni.

Àwọn òwe wa ní ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ kú, ọwọ́ ẹni tó ti sọnù ńkọ́? Àwọn tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ wọn ni mo ní kí o má gbàgbé. Nǹkan bí 150,000 ni àwọn ọmọ onílẹ̀ Kalifọ́níà ní 1848. Nígbà tó fi di 1870, wọn kò ju bí 30,000 lọ. Àìsàn pa wọ́n, ebi pa wọ́n, wọ́n sì tún fi ìbọn pa wọ́n. Ìjọba ìpínlẹ̀ náwó lórí àwọn ọmọ ogun àdáni tó ń lépa wọn. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1850, tí wọ́n pè ní òfin ààbò fún wọn, fún aláwọ̀ funfun láyè láti kó ọmọ wọn ṣiṣẹ́. Ẹja inú odò kú nítorí ẹrẹ̀ tí àwọn awakùsà ń tú sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gba ìwé tí Sutter mú lọ bá Mason, wọn ì bá gbà pé ilẹ̀ náà ní ẹni tó ni ín. Mo ti ka ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ìbànújẹ́ máa ń mú mi sí nìyẹn, kì í ṣe ibi ikú Marshall.

Ó ku ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn. Sutter fún ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Folsom ní ègé wúrà kékeré kan lọ́dún 1848, ó ní èyí ni Marshall kọ́kọ́ mú. Folsom fi bébà wé e, ó fi ránṣẹ́ sí Washington. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian, nínú ìlú tí Sutter kú sí. Bó o bá gbé e sórí òṣùwọ̀n ọ̀gá rẹ, kò ní tó ìdá mẹ́wàá gíráàmù kan. Ó fẹlẹ́, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, bíi nǹkan tí ẹnì kan ti fi òkúta lù.